Mò ń bọ̀ wá kí bàbá mi ní Ìdànrè: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àrẹ̀mọ Odòdẹ

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn nìkan ló sì wà nínú ilé wa ní Odòdẹ Ìdànrè láti ìgbà tí màmá wa ti lọ. Ọmọ méjì ni mo bí, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Wọn ò tíì fojú kan bàbá àgbà wọn rí àfi lórí fóònù. Ìyàwó mi kì í ṣe Yorùbá, ọmọ Kẹ́ńyà ni. Oṣù Kejìlá yìí la fẹ́ wá, a ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀nà wo ló dára jù láti Èkó? Kí ni mo lè mú wá fún bàbá tí wọn yóò máa lò ní ti gidi, tí kò ní dákẹ́ sínú àpótí? Ṣé àwọn ọmọ lè gun Òkè Ìdànrè? Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni pé àwọn àbúrò mi tó wà l'Ékòó ní kí n lo àǹfààní yìí láti kó bàbá kúrò ní Ìdànrè wá sọ́dọ̀ àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Àgbẹ̀ Kòkó Àlàdé

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Àkókò tí ẹ mú yẹn dáa. Ní oṣù Kejìlá, òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ ti ń fẹ́, kòkó sì wà lórí sísá níwájú ilé gbogbo. Tí bàbá yín bá ṣì ní oko, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ wọn lè dí díẹ̀. Ẹ má bínú sí i, ẹ má sì ní kí wọ́n jókòó sílé nítorí yín. Ẹ bá wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí bí wọ́n ṣe ń fọ́ kòkó, kí wọ́n tọ́ omi funfun ara rẹ̀ wò lẹ́nu, kí wọ́n rí i bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó tó di sísá. Ọmọ tó ń jẹ ṣokoléètì ní Leeds yóò mọ̀ pé ọwọ́ bàbá àgbà òun wà nínú rẹ̀. Nígbà tí owó kòkó ga lọ́jà àgbáyé ní 2024 ju bó ti ga rí lọ, ọ̀pọ̀ àgbà tí àwọn ọmọ wọn ti ń sọ pé kí wọ́n fi oko sílẹ̀ ló tún orí ilé wọn kàn. Oko kì í ṣe ìyà lójú àwọn bàbá wa.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí gan-an: ẹ rin ààlà oko pẹ̀lú bàbá. Àwọn àgbà mọ ibi tí pérègún wà, wọ́n mọ àpáta tó pààlà, wọ́n mọ odò kékeré tí kì í ṣàn lẹ́ẹ̀rùn. Àwa ọmọ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ pe àwọn tí oko wọn bá tiyín pààlà, kí ẹ jọ rìn ín, kí ẹ fi fóònù ya gbogbo igun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé bàbá fúnra wọn ló mú yín lọ. Tí ẹ bá dé lónìí, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ́la, bí ẹni tó ń retí ikú wọn ló máa rí. Ẹ kọ́kọ́ bá wọn jẹun, ẹ bá wọn ká kòkó, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu wọn jáde.

Dírẹ́bà Ọ̀nà Ọ̀rẹ

Tí ẹ bá máa gba ojú títì: Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ, Oǹdó, Àkúrẹ́. Láti Àkúrẹ́, ẹ ó wọ ọkọ̀ Ìdànrè, kò tó wákàtí kan. Ẹ tètè kúrò l'Ékòó ní ìdájí. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lọ́nà, pàápàá pẹ̀lú ọmọdé. Tí nǹkan bá dá yín dúró tí ọjọ́ sì ti lọ, ẹ sùn sí Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.

Bàálù náà ń lọ sí Àkúrẹ́ láti Èkó. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá mú gidi, ojú sánmà máa ń dí, wọ́n sì lè sún ìrìn àjò síwájú tàbí kí wọ́n fagi lé e. Ẹ má ṣètò nǹkan pàtàkì kankan sí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fò.

Nọ́ọ̀sì Ilé Ìwòsàn

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìlera, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ ti máa ń ná owó sí ohun tí kò yẹ.

Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá lókè ìgúnpá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Ẹ kọ́ bàbá, kí ẹ tún kọ́ ẹnì kan sí i ládùúgbò tó lè kàwé. Kí bàbá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n gbé apá lé tábìlì, kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kí wọ́n wá wò ó. Kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dé láti ìsàlẹ̀ o, ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn ló máa ń ru sókè nígbà yẹn. Kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan pẹ̀lú ọjọ́. Ìwé yẹn máa wúlò fún dókítà ju ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ ní kí bàbá kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò síta fún yín. Gbogbo rẹ̀, títí kan àgbo àti èyí tí wọ́n rà nínú ọkọ̀. Ẹ má pariwo lé wọn lórí, torí tí ẹ bá pariwo, ìdajì ni wọ́n máa fi hàn yín. Ohun tí mò ń wá níbẹ̀ ni oògùn ara ríro. Àwọn àgbà wa tí orúnkún ń dùn máa ń lò ó lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ìfúnpá sókè, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ fún dókítà kó fojú rí i.

Tí ojú wọn bá ti ń ṣe bàìbàì, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbé wọn lọ sí Àkúrẹ́. Ẹni tí wọ́n bá yọ ohun funfun kúrò nínú ẹyin ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ kejì, yóò sì tún padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Tí ẹ bá fi sí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ ti máa wà nínú bàálù nígbà tí wọ́n bá nílò ẹni tó máa bá wọn kán oògùn sójú.

Fún ẹ̀yin àtàwọn ọmọ: ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó wọ Nàìjíríà, kí ẹ sì mú káàdì rẹ̀ dání. Ẹ lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú ènìyàn, bí dókítà yín bá ṣe ní kí ẹ lò ó, títí dé òpin rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá padà. Ara ọmọ tí wọ́n bí sí Leeds kò mọ ibà rárá. Tí ara ọ̀kan nínú wọn bá gbóná nígbà tí ẹ bá padà dé ọ̀hún, kódà lẹ́yìn oṣù kan, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ fún dókítà pé Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni màmá tèmi wà, àwa náà lókè yí ká. Mo fara mọ́ ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé kún un. Ilé àwọn ìlú òkè wa kì í sábà wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ rìn láti ẹnu ọ̀nà bàbá dé ilé ìwẹ̀, kí ẹ rìn ín lóru, láìtan iná. Ibi tí ẹsẹ̀ yín bá ti kọ́, ibẹ̀ ni bàbá ti máa ṣubú. Ní ilé màmá tèmi, a da kọnkéré sí àtẹ̀gùn, a jẹ́ kí ojú rẹ̀ rí gbáragbàra kó má máa yọ̀, a ri irin ìdìmú mọ́ ara ògiri láti ilé dé balùwẹ̀. Wẹ́ẹ́dà àti bíríkìlà àdúgbò ló ṣe é. Kò sí ẹ̀bùn òkè òkun tí màmá ń fi han àlejò tó irin yẹn.

Ọ̀pá ìtilẹ̀ tí rọ́bà wà ní ìdí rẹ̀ náà dára. Kí ẹ ra rọ́bà ìdí rẹ̀ lọ́pọ̀, torí ó máa ń jẹ lórí àpáta.

Èèyàn Èkó

Mo wà lẹ́yìn àwọn àbúrò yín o. Ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń dá gbé inú ilé, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní aago méjì òru ńkọ́? Ta ni yóò wakọ̀? L'Ékòó, ọmọ wà nítòsí, ilé ìwòsàn ńlá wà nítòsí. Ìfẹ́ ló ń mú àwọn àbúrò yín sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ìlú wọn dùn, kí ẹ wá fi ẹ̀mí bàbá sí i.

Àgbẹ̀ Kòkó Àlàdé

Ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀, Èèyàn Èkó, ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ní Ìdànrè, tí bàbá kò bá ṣílẹ̀kùn títí di aago méje àárọ̀, ó kéré tán, ènìyàn mẹ́ta ló máa kan ilẹ̀kùn yẹn. Ìyá tó ń ta àkàrà mọ iye tí wọ́n ń rà. Ọlọ́kadà mọ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sóko. L'Ékòó, ọmọ yóò jáde ní ìdájí, yóò wọlé lálẹ́, bàbá yóò wà nínú fúláàtì pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á wà lọ́dọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa bá sọ̀rọ̀?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Ohun tí àwa ṣe: a rí ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ẹbí tó ń kàwé nítòsí, ilé màmá ló ń sùn, àwa là ń ràn án lọ́wọ́ lórí owó ilé ìwé rẹ̀. A bá ẹnì kan tó ní mọ́tò sọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá pè é lóru, kó gbé màmá, àwa yóò san owó rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ òru tí Èèyàn Èkó sọ ni a fi ìyẹn dáhùn. Màmá ń lọ Ìbàdàn fún àyẹ̀wò, wọ́n ń lo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n ń padà.

Ṣùgbọ́n Àrẹ̀mọ, mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti bi bàbá léèrè.

Àrẹ̀mọ Odòdẹ

Mo pe bàbá lánàá. Wọ́n ní àwọn á wá wo Èkó tí kòkó bá ti gbẹ, tí wọ́n bá ti tà á, ṣùgbọ́n àwọn ò ní gbé ibẹ̀. Wọ́n ní sàréè màmá wa wà nínú ọgbà, ta ni yóò máa ro ibẹ̀? Mi ò lè sọ nǹkan kan mọ́. Mo ti sọ fún àwọn àbúrò mi, ọ̀kan gbà, ọ̀kan ṣì ń rò ó. Ètò ẹni tí yóò máa sùn nílé àti ẹni tó ní mọ́tò yẹn ni màá gbájú mọ́.

Ó ku ti òkè, àti ti ìyàwó mi. Ẹ̀rù ń bà á díẹ̀ pé kò gbọ́ èdè.

Ìyàwó Ìdànrè

Ẹ sọ fún un kó fọkàn balẹ̀. Ọmọ Ùròbò ni mí, Ìdànrè ni wọ́n fẹ́ mi sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, "ẹ káàárọ̀", "ẹ kúùrọ̀lẹ́" àti "ẹ ṣé" nìkan ni mo mọ̀. Ó tó. Kó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, kó rẹ́rìn-ín, wọ́n á pè é ní "ìyàwó wa" kí ọjọ́ yẹn tó parí. Èdè ìlú náà yàtọ̀ sí Yorùbá inú ìwé díẹ̀, nítorí náà tí ẹ̀yin fúnra yín bá ti gbàgbé nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí bàbá máa tún un sọ fún gbogbo yín pọ̀.

Kí ó wọ inú ilé ìdáná. Kì í ṣe pé kó máa sè o, kó kàn jókòó ti àwọn obìnrin tó bá wá gún iyán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ènìyàn. Bí wọ́n bá fún un lọ́mọ odó, kó gbà á, wọ́n á bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọ́ ọ.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìkíni kí wọ́n tó wọkọ̀. Ọmọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin a kúnlẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà ni wọ́n ń kí, àjèjì ò sí níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì, gbogbo àdúgbò yóò ti mọ orúkọ wọn, wọ́n á máa fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn ránṣẹ́ sí wọn. Kí wọ́n má kọ̀ ọ́.

Afinimọ̀nà Òkè

Ti òkè: àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè gùn ún dáadáa, kódà àwọn ọmọ ló máa ń ṣáájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, torí tí oòrùn bá ti mú, àpáta máa ń gbóná bí àgbada. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, omi tó pọ̀, aṣọ òtútù fún àárọ̀ ọyẹ́. Ẹ san owó ìwọlé ní ẹnubodè, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ̀nà dání. Òkè náà kò parí síbi tí àtẹ̀gùn parí sí, ìrìn ṣì pọ̀ níwájú.

Lókè ni ìlú àtijọ́ wà. Àwọn ènìyàn wa gbé ibẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹ ó rí ààfin àtijọ́ ti Owá, ọba Ìdànrè, pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀, ẹ ó rí ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896, ẹ ó rí ilé ẹjọ́ ti 1906. Ojú ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Agbóògùn náà wà lórí àpáta, tí wọ́n sọ pé ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu àfi ti àjẹ́. Àwọn ọmọ á fẹ́ ki ẹsẹ̀ wọn bọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Láti 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé.

Ẹ má gbé bàbá gun òkè o. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá gùn ún, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ fi àwòrán tí ẹ yà hàn wọ́n. Bí bàbá yín bá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n bí àwọn òbí tiwọn sí. Ẹ bi wọ́n pé agboolé wo ni tiwa? Níbo ni wọ́n ti ń pọn omi? Ta ni a bá sọ̀ kalẹ̀? Ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ wọn kó máa gba ohùn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè, torí àwọn àgbà máa ń sọ fún ọmọdé ohun tí wọn ò sọ fún àwa rí. Kí ẹ fi ohùn náà pamọ́ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Ẹ ṣé, Afinimọ̀nà. Èmi náà máa ṣe ìyẹn fún màmá.

Ẹ̀bùn tó kù: Àrẹ̀mọ, ẹ má gbàgbé àwọn tó ń tọ́jú bàbá nígbà tí ẹ ò sí níbẹ̀. Ẹ bi bàbá lórúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń bá wọn pọn omi, ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá, onikẹ́míìsì tó ń dá wọn lóhùn, ọlọ́kadà, àwọn ará ìjọ. Ẹ lọ kí wọn nílé wọn, kí ìyàwó àtàwọn ọmọ tẹ̀ lé yín. Kò dáa kí ẹ ránṣẹ́ pè wọ́n kí wọ́n wá gba ẹ̀bùn, ẹsẹ̀ yín gan-an ni wọ́n fẹ́ rí ní ẹnu ọ̀nà wọn. Búrẹ́dì láti Èkó, aṣọ kékeré kan, ó tó. Kí ẹ gba nọ́ńbà fóònù wọn, kí ẹ máa pè wọ́n nígbà tí kò sí wàhálà kankan, kí ó má jẹ́ ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ni wọ́n máa ń gbúròó yín.

Ẹ pààrọ̀ owó sí wẹ́wẹ́ ní Àkúrẹ́. Oní-POS wà ní Ìdànrè, ṣùgbọ́n owó kékeré máa ń wọ́n níbi gbogbo tí ọdún bá ti ń sún mọ́.

Àrẹ̀mọ Odòdẹ

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ìbéèrè kan ló kù. Mo fẹ́ ra iná sólà fún bàbá, ṣé láti ibí ni kí n ti rà á ni, àbí ní Nàìjíríà?

Àgbẹ̀ Kòkó Àlàdé

Nàìjíríà ni kí ẹ ti rà á, ní Àkúrẹ́ bó bá ṣeé ṣe, kí ẹni tó tà á lè tún un ṣe. Bátìrì ńlá tí ẹ bá fẹ́ gbé wọ bàálù, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ọ̀kan tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ fún ẹ̀bá ibùsùn, ọ̀kan fún ojú ọ̀nà balùwẹ̀ tí yóò máa tàn fúnra rẹ̀ tí ènìyàn bá kọjá. Pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ẹ má gbé e sí ibi tí òjìji àpáta ti ń bò ó láti ọ̀sán. Bàbá mọ ibi tí oòrùn ń pẹ́ sí jù nínú ọgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá kòkó sí. Ẹ̀bá ibẹ̀ ni kí ẹ kàn án mọ́.